Orin Ìgbà Wa, Ìgbà Wo Ni Ó Ń Di Orin Àgbà?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí a bá dárúkọ orin kílásíkà, ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa a máa lọ sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ayé àtijọ́, pẹ̀lú dùùrù àti gòjé wọn. Ṣùgbọ́n ní Ìkẹjà wa níbí, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọkùnrin kan wà tí ó ní kílásíkà ilẹ̀ Áfíríkà ni orin tòun. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ni. Ó ti kọ́ṣẹ́ orin ní Trinity College ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1958, nítorí náà ó mọ ohun tí ó ń wí. Nígbà tí ó yá, kò fẹ́ kí a pe orin rẹ̀ ní Afrobeat mọ́.

Ẹ̀rí wà fún un. Confusion, tí ó jáde ní 1975, gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, ìlù àti fèrè a sì ti lọ jìnnà kí ohùn ènìyàn tó wọlé. Ṣùgbọ́n ní Shrine rẹ̀ ní òpópónà Pepple, bí ó bá ti fi orin kan sínú àwo, kì í sábà kọ ọ́ fún èrò mọ́. (A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí kò jẹ́ kí ọmọ wọn gba ibẹ̀ kọjá, a kò sì dá wọn lẹ́bi, orin ni à ń yẹ̀ wò.) Orin tí ẹni tí ó ni ín kò tún kọ mọ́, báwo ni yóò ṣe di àgbà?

Lójú tiwa, àwọn tí ó bá dé lẹ́yìn ni ó ń sọ orin di àgbà. Nígbà tí Fẹlá kú ní 1997, Ṣeun ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 14, gba ẹgbẹ́ Egypt 80, àwọn orin tí baba ti pa tì sì padà sórí ìtàgé.

Ẹ wo Hárúnà Ìṣọ̀lá náà. Ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀ kan ní Òṣogbo ni ó kọ Oroki Social Club fún ní 1971. Àwa tí à ń kọ ọ́ níbi ìnáwó lónìí kò mọ àwọn tí ó kì nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ná owó fún wa nítorí wọn. Àpàlà náà ti kọjá ẹni tí ó sanwó rẹ̀.

Èyí tí ó kàn wá jù ni wéré, tí àwọn ọmọkùnrin fi ń jí aláàwẹ̀ fún sààrì. Orin oṣù kan ni: ọdún Ìtúnu bá dé, ó tán. Síkírù Àyìndé Barrister, tí ó kú ní 2010, ló fà á jáde kúrò nínú Ramadan, tí ó sọ ọ́ ní Fújì, orúkọ òkè kan ní Jàpáànù tí ó rí nínú àwòrán ní pápákọ̀ òfurufú. Fújì ti rí ọmọ, ó ti rí ọmọ-ọmọ. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ńkọ́? Fóònù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí ló ń jí ọ̀pọ̀ ilé ní Agége báyìí. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ wéré nígbà èwe wọn kò ṣe àwo rí, wọ́n sì ti di bàbá arúgbó.