Kò Sí Yàrá fún Ọ̀gbẹ́ni Cummings

Ẹ̀yin ará mi, tí ẹ bá ń kọjá ní Old GRA níbí ní Port Harcourt, ṣé ẹ mọ orúkọ tí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ tẹ́lẹ̀? European Reservation ni. Ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òyìnbó. Ní 1913 ni wọ́n sọ ìlú yìí ní orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Nígbà tó di 1917, òfin ìlú tí Lugard ṣe pín ibùgbé sí méjì: òyìnbó lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀. Àyè òfìfo tó fẹ̀ tó yáàdì 440 ni wọ́n fẹ́ kó wà láàárín wọn. Wọ́n ní nítorí ẹ̀fọn ni, àti nítorí iná. Ṣùgbọ́n kúùkù àti bọ́yì wọn ń sùn nínú ọgbà kan náà. Ó jọ pé ẹ̀fọn tàwọn yẹn kì í jẹ òyìnbó.

Mo mú ìtàn yìí wá nítorí ìbéèrè kan tí àwọn ọmọ ìjọ tó ń ṣòwò, àti àwọn tó nílé, ń bi mí lemọ́lemọ́: "Pásítọ̀, owó mi ni mo fi kọ́ ilé mi. Ṣé mi ò lè sọ pé Kristẹni nìkan ni mo fẹ́ ni?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Èkó ọdún 1947.

Ní February ọdún náà, Ọ̀gbẹ́ni Ivor Cummings dé láti London. Òṣìṣẹ́ Colonial Office ni, ọ́fíìsì tó ń ṣàkóso wa nígbà yẹn gan-an. Dókítà ọmọ Sierra Leone ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Wọ́n ti gba yàrá sílẹ̀ fún un ní Bristol Hotel. Ìgbà tí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, yàrá tán. Èkó gbiná! West African Pilot, ìwé ìròyìn Zik, pariwo rẹ̀ síta, àwọn olóṣèlú tó ń bára wọn jà sì pa ohùn pọ̀. Gómìnà Arthur Richards, ẹni tí kò fẹ́ràn ariwo Zik rárá, kọ ìwé jáde pé ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ gbọ́dọ̀ dópin ní ibi tí gbogbo ènìyàn ń lò. Lẹ́yìn náà ni European Reservation di GRA lẹ́nu wa.

Ẹ fọkàn sí i: hòtẹ́ẹ̀lì aládàáni ni Bristol. Ẹni tó ni ín lè sọ pé owó òun ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé bọ́ọ̀dù síta pé kí ayé máa bọ̀, báwo ló ṣe tún ń yọjú lójú fèrèsé wo irú ẹni tó ń kanlẹ̀kùn?

Ẹ lè ní ọ̀rọ̀ àwọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti ìgbàgbọ́. Ó dáa. Ní Columbia, South Carolina, ní Amẹ́ríkà, Maurice Bessinger ń ta ẹran sísun ní ilé oúnjẹ tó ń jẹ́ Piggie Park. Kristẹni ni. Ní 1964, ọdún tí òfin ẹ̀tọ́ aráàlú jáde níbẹ̀, wọn kò dá Anne Newman lóhùn ní ilé oúnjẹ náà. Obìnrin dúdú ni, ìyàwó pásítọ̀ Mẹ́tọ́díìsì. Nígbà tọ́rọ̀ dé kóòtù, Bessinger ní òfin náà tako ìfẹ́ Ọlọ́run, pé ìgbàgbọ́ òun ni kò gba òun láyè láti da dúdú pọ̀ mọ́ funfun. Ní 1968, kóòtù tó ga jù lọ ní àwáwí yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bíbélì kan náà lòun àti ìyàwó pásítọ̀ yẹn ń kà o.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà báyìí, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tọkọtaya Kristẹni kan ní Cornwall ń gbé inú hòtẹ́ẹ̀lì kékeré wọn, wọn kì í fún ẹni tí kò ṣègbéyàwó ní yàrá oníbẹ́ẹ̀dì kan. Wọ́n kọ ọkùnrin méjì tó ń gbé pọ̀. Ní 2013, kóòtù tó ga jù lọ dá wọn lẹ́bi. Ní 2018, kóòtù kan náà dá ilé búrẹ́dì kan ní Belfast láre, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ní kí wọ́n kọ sórí kéèkì ni wọ́n kọ̀, kì í ṣe oníbàárà fúnra rẹ̀. Ìdájọ́ kejì yìí tẹ́ mi lọ́rùn. N kò ní purọ́ pé ti àkọ́kọ́ rọrùn fún mi láti gbé mì, nítorí ilé ara wọn ni wọ́n wà.

Nílé wa ńkọ́? Irú ìgbéyàwó yẹn, òfin Nàìjíríà kò gbà á rárá, nítorí náà mùsùlùmí àti Kristẹni, ọmọ onílẹ̀ àti àlejò, ló kàn wá. Abala 38 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 fún wa ní òmìnira ẹ̀sìn. Abala 42 kọ ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa: òfin àti ìṣe ìjọba ló ń bá wí, kò dárúkọ onílé tàbí oníṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ làwọn kan ti rí àyè sá sí. Àyè náà kò fẹ̀ tó bí wọ́n ṣe rò. Àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọ Áfíríkà, tó di òfin nílẹ̀ wa ní 1983, sọ ní abala 28 pé ojúṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan ni láti bọ̀wọ̀ fún ẹlòmíì láìsí ìyàsọ́tọ̀. Àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ ti 2010 náà fún National Industrial Court lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìyàsọ́tọ̀ níbi iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ń wá pásítọ̀ gbọ́dọ̀ béèrè ìgbàgbọ́. Ẹni tó ń wá awakọ̀ tírélà, kí ló fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi ṣe?

Ẹ rántí onílé èrò inú Lúùkù orí 10. A máa ń wàásù nípa ará Samáríà, àlùfáà àti ọmọ Léfì, a kì í dárúkọ onílé èrò. Owó ará Samáríà ló gbà, ó sì fún un ní ibùsùn fún ẹni tó gbé wá. A kò gbọ́ pé ó béèrè òkè tó ti ń jọ́sìn. Àwa Yorùbá ní ìlú yìí, àlejò ni wá. Ẹ̀yin tí ẹ́jẹ́ǹtì ti sọ fún rí pé lándílọ́ọ̀dù kò fẹ́ ẹ̀yà yín, ẹ mọ bó ṣe ń rí lọ́kàn.

Ọ̀gbẹ́ni Cummings padà sí London. Ní June 1948, nígbà tí ọkọ̀ Empire Windrush kó ọgọ́rọ̀ọ̀rùn dúdú láti erékùṣù Caribbean gúnlẹ̀ ní Tilbury, òun ni Colonial Office rán lọ pàdé wọn. Àwọn tí kò níbi tí wọ́n máa sùn lé ní 200, wọ́n sì wá ibùsùn fún wọn ní Clapham South.