Kọ́ọ̀sì ìjìnlẹ̀ àti kọ́ọ̀sì ìfọwọ́ṣe nínú másítà kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá wọlé fún másítà nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà yóò bá kọ́ọ̀sì kàn-ńpá pàdé, yóò sì kọ iṣẹ́ ìwádìí kó tó parí. Àwọn kọ́ọ̀sì tó wà láàárín méjèèjì ló kù fún un láti ṣà. Kọ́ọ̀sì ìjìnlẹ̀ dojú kọ ẹ̀ka kan ṣoṣo, bíi machine learning, ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń lóye èdè ènìyàn. Iṣẹ́ gan-an ni kọ́ọ̀sì ìfọwọ́ṣe ń kọ́ni: bí ẹni púpọ̀ ṣe ń para pọ̀ kọ sọ́fítíwia, bí a ṣe ń tọ́jú dátà iléeṣẹ́, bí áàpù ṣe ń dé ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó.

Ní agbègbè Ìkìrun, Inísà àti Òkukù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ yíyàn yìí kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ní ọgbà kan ní Òkukù, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ okòwò àti ìmọ̀ àwùjọ ni wọ́n gbé síbẹ̀. Òṣogbo ni olùkọ́ másítà kọ̀ǹpútà wà, bí kò bá jẹ́ Ifẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin tàbí Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ agbègbè náà sì ti gba Pólì Ìrèé, tí kò jìnnà sí Ìkìrun, kọjá. Ẹni tó ní HND sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe PGD kí wọ́n tó gbà á fún másítà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti lo ọdún kan lẹ́nu IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́, láàárín OND àti HND. Ó ti tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó ti fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ti bá oníbàárà tó ń kánjú jà. Mi ò rí ìdí tí yóò fi tún sanwó kọ́ ohun tó ti mọ̀. Ìṣirò àti àlàyé ìjìnlẹ̀ ló kù fún un. Ti ẹni tó jáde ní yunifásítì láìtíì kọ prógíráàmù tí ẹnikẹ́ni lò rí yàtọ̀ pátápátá.

Orúkọ kọ́ọ̀sì máa ń tanni jẹ. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò wa, kì í ṣe nǹkan tuntun pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi báírò kọ prógíráàmù sórí ìwé, kí olùkọ́ sì yọ máàkì nítorí àmì kan tó gbàgbé ní òpin ìlà, àmì tí kọ̀ǹpútà ì bá ti tọ́ka sí kó tó mí. Kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fi irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ nìkan wọ̀n, ìfọwọ́ṣe orí ahọ́n ni. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é tán ló yẹ kí a bi: kí ni ẹ fi sílẹ̀ fún olùkọ́, ṣé ó ṣiṣẹ́?

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí ìfọwọ́ṣe nìkan kò lè gbé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ṣe ìwádìí lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa ka Yorùbá sókè tí ohùn rẹ̀ kò ní ṣì. Ó gba ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, ó gba ìṣirò, kó tó wá kan prógíráàmù. Ìdíje orí ìkànnì Kaggle ti 2020 sí 2021 lórí àrùn ewé ẹ̀gẹ́ tún fi apá kejì hàn. Àwòrán 21,367 ni wọ́n kó jọ, àgbẹ̀ ilẹ̀ Uganda ló ya èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn onímọ̀ sì sọ àrùn tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ́ọ̀sì ìjìnlẹ̀ ló ń kọ́ni bí ẹ̀rọ yóò ṣe mọ ìyàtọ̀ láàárín àrùn mẹ́rin àti ewé tó yè. Ṣùgbọ́n fóònù olówó pọ́ọ́kú ni àgbẹ̀ ń mú lọ sóko, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè má dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe Nuru, áàpù PlantVillage tí àjọ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA náà lọ́wọ́ sí, kó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìfọwọ́ṣe pọ́ńbélé nìyẹn.

Lójú tèmi, ẹni tí kò bá mọ èyí tí yóò mú, kó mú ìjìnlẹ̀ ní yunifásítì, nítorí ìfọwọ́ṣe ní ibòmíràn tí a ti lè rí i. Ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023 ń kọ́ni ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí yóò kọ́ni ní ìṣirò tó wà lábẹ́ machine learning kò pọ̀ níta. Ìjìnlẹ̀ kò tilẹ̀ dúró de másítà mọ́: NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, ti pín ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà níyà nínú ìlànà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023: ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìmọ̀ dátà àti iṣẹ́ sọ́fítíwia ti di oyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti dìgírì àkọ́kọ́.

Àwọn tó ń lọ sí Ìlú Ọba ní ìṣirò tiwọn. Ọdún kan péré ni másítà máa ń gbà níbẹ̀, kíláàsì ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Láti oṣù kìíní 2024, ẹni tó wá ṣe másítà oníkíláàsì kò lè mú aya tàbí ọmọ dání mọ́, àfi ẹni tí ìjọba ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọ́n ṣì gba ti oníwàádìí láyè. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn kan ti ń wá másítà ìwádìí kiri nítorí ìdílé wọn, tí wọn kò tíì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣèwádìí lé lórí.