Ọ̀fẹ́ ni afẹ́fẹ́, wáyà kì í ṣe ọ̀fẹ́



Ẹ jẹ́ ká wo Kẹ́ńyà. Lẹ́bàá adágún Turkana, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í ti í sinmi, wọ́n gbé ẹ̀rọ 365 ró kí afẹ́fẹ́ máa yí wọn. Wọ́n parí ní 2017. Mẹ́gáwáàtì 310 ni agbára wọn. Ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ ni ibẹ̀. Wáyà tó ju kìlómítà 400 lọ ló gbọ́dọ̀ gbé iná náà dé Suswa, nítòsí Nairobi.

Ìjọba ló gba iṣẹ́ wáyà. Ilé iṣẹ́ Sípéènì tó ń ṣe é wọ gbèsè, iṣẹ́ dúró. September 2018 ni wáyà tó parí. Àdéhùn sì ti sọ pé bí wáyà bá pẹ́, ìjọba yóò sanwó iná tí ẹnikẹ́ni kò tàn. Ìtanràn náà wọ ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ṣílè, apá kan sì bọ́ sọ́rùn àwọn tó ń san owó iná. Láti 2012 ni Báńkì Àgbáyé ti yọwọ́, nítorí ẹ̀rù pé Kẹ́ńyà lè máa sanwó iná tí kò lò.

Àwa náà mọ ìnira wáyà. Ní 1968, Dahomey àti Togo dá CEB sílẹ̀ kí wọ́n lè jọ ru ẹrù náà, iná Akosombo ti Gáná sì wá bá wa.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wá sí etí òkun wa lọ́la, ká dúpẹ́, ká sì béèrè: ta ló máa fa wáyà? Bó bá pẹ́, àpò ta ni owó yóò ti jáde?