Ta ló ń sanwó eré ìdárayá ní poli àtàwọn iléèwé gíga kéékèèké?

Bí àwọn ọmọ poli bá ti gbọ́ pé oníròyìn ni mí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, owó eré ìdárayá tá à ń san yẹn, ibo ló ń lọ?" Èmi náà bi í nígbà tí mò ń ṣe ND. Irinwó mítà ni mò ń sá. Ọdọọdún ni owó eré ìdárayá máa ń wà lára owó iléèwé wa, síbẹ̀ nígbà tí ìdíje dé, àwa la dáwó ọkọ̀, bàtà tí mo yá ni mo sì fi sáré. Ó fún mi lẹ́sẹ̀ pa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí owó ńlá wà. Láti Ọba Àkran dé Agídíngbí, títí wọ Ọ̀gbà, iléeṣẹ́ ló kún ibẹ̀. Láti ọdún 1993 ni òfin ti ní kí àwọn iléeṣẹ́ máa yọ owó orí ẹ̀kọ́ nínú èrè wọn. Òfin ọdún 2011 ló dá TETFund tó ń ná an báyìí sílẹ̀. Iléèwé gíga ìjọba nìkan ló wà fún: bí wọ́n bá pín in sọ́nà mẹ́rin, yunifásítì á mú méjì, poli á mú ọ̀kan, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ á mú ọ̀kan. Ti aládàáni ò sí níbẹ̀. Òfin náà ò sì dárúkọ iléèwé bíi Government Technical College tó wà ní Agídíngbí, láàárín àwọn iléeṣẹ́ gan-an.

Ibi tó kàn wá rèé. Òfin yẹn ka ohun tí wọ́n lè ná owó náà lé: ilé àti ohun amáyédẹrùn fún ìkọ́ni, irinṣẹ́ ìkọ́ni, ìwádìí àti ìwé títẹ̀, pẹ̀lú ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́. Eré ìdárayá ò sí níbẹ̀. Ìlà karùn-ún nìkan ló ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀: ohunkóhun mìíràn tí ìgbìmọ̀ àjọ náà bá gbà pé ó ṣe pàtàkì fún ìgbéga ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́, bí òrùlé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ bá ń jò, ọ̀gá wo ló máa lọ tọrọ pápá ìsáré?

Owó náà gan-an ti yí padà. Ìdá 2 nínú 100 ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2023, ó ti di ìdá 3. Láti January 2026, wọ́n ti pa á pọ̀ mọ́ àwọn owó mìíràn, wọ́n ń pè é ní development levy, ìdá 4, ìdajì rẹ̀ ló sì jẹ́ ti TETFund. Ẹ ṣírò ẹ̀: iléeṣẹ́ tó jèrè mílíọ̀nù 100 náírà, mílíọ̀nù 3 ló ń bọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mílíọ̀nù 2 ni báyìí.

Ohun tó wá kù fún iléèwé kékeré ni owó tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra ẹ̀ san. Òun ni wọ́n ń wò fún bọ́ọ̀lù, fún jẹ́sì, fún ọkọ̀ àti ibùsùn nígbà NIPOGA, ìyẹn ìdíje àwọn poli. (NUGA ni ti yunifásítì, Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ lọ́dún 1966.) Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ò bá pọ̀, owó yẹn ò lè pọ̀, bẹ́ẹ̀ awakọ̀ ò ní torí pé iléèwé yín kéré kó dín owó epo kù.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, tó dà bíi ND wa, ti ní àjọ tiwọn, NJCAA, láti 1938. Àwọn tó wà ní ìpele kìíní lè san owó iléèwé, oúnjẹ àti ibùgbé fún eléré. Àwọn ti ìpele kẹta ò gbọ́dọ̀ fún un ní kọ́bọ̀ torí eré. Yunifásítì ní Texas ni Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, lọ kó tó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 di ẹni tó yára jù lágbàáyé lọ́dún 2022, nínú eré fífo igi ọgọ́rùn-ún mítà.

Bó o bá fẹ́ mọ ti iléèwé tìẹ, mú rìsíìtì owó iléèwé ẹ. Wo iye tí wọ́n kọ síwájú "sports", fi iye akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Bó bá jẹ́ iléèwé ìjọba, kọ lẹ́tà sí wọn lábẹ́ òfin Freedom of Information ti 2011, béèrè bí wọ́n ṣe ná an. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti fèsì, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì ti sọ lọ́dún 2025 pé ó kan àwọn ìpínlẹ̀ náà. O ò nílò lọ́yà, o ò sì ní láti sọ ìdí tó o fi fẹ́ mọ̀.