Constance Baker Motley: Láti Ilé Aṣòfin Albany Dé Orí Àga Adájọ́

Ní oṣù kejì ọdún 1964 ni àwọn olùdìbò Manhattan yan Constance Baker Motley sí ilé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ New York, tó wà ní Albany. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kankan kò tíì jókòó níbẹ̀ rí. Kò ju nǹkan bí ọdún kan tó lò níbẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1966, ó ti di adájọ́ ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò náà ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń yẹ̀ wò ni ìbéèrè tó tẹ̀ lé e dé orí àga náà: ṣé ẹni tó ti fi gbogbo agbára jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lè dájọ́ láìṣègbè?

Ìlú New Haven, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1921. Erékùṣù Nevis ni àwọn òbí rẹ̀ ti ṣí wá, iṣẹ́ alásè ni bàbá rẹ̀ sì ń ṣe fún àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yale. Owó yunifásítì kò sí nílé. Oníṣòwò aláwọ̀ funfun kan, Clarence Blakeslee, gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ ní ìpàdé kan, ó sì gbà láti san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní 1946 ó gboyè òfin ní Columbia, àmọ́ kó tó gboyè ló ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Thurgood Marshall, láàárín àwọn agbẹjọ́rò NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú.

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀. Òun ló kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ àkọ́kọ́ fún ẹjọ́ Brown, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi dá a ní 1954 pé kò bófin mu láti ya ọmọ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ó rojọ́ fún James Meredith, akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú kan, títí Yunifásítì Mississippi fi gbà á wọlé ní 1962. Ẹjọ́ 10 ló rò níwájú Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, ó sì borí nínú 9. Èyí tó kù, Swain, dá lórí bí wọ́n ṣe ń yọ aláwọ̀ dúdú kúrò lára àwọn ará ìlú tí wọ́n ń yàn láti gbọ́ ẹjọ́. Ní 1986, ilé ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀ yí ohun pàtàkì nínú ìdájọ́ yẹn padà.

Ní 1965 ó kúrò ní Albany láti di olórí agbègbè Manhattan, obìnrin àkọ́kọ́ nípò náà.

Ààrẹ Lyndon Johnson fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ipò adájọ́ ní oṣù kìíní ọdún 1966. James Eastland, sẹ́nétọ̀ láti Mississippi kan náà tí Motley ti ṣẹ́gun nílé ẹjọ́, ni alága ìgbìmọ̀ tó ń yẹ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wò. Ó fa ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀ fún oṣù méje gbáko.

Ìdáhùn Motley sí ìbéèrè wa jáde kedere ní 1975. Àwọn obìnrin fẹ̀sùn kan iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò Sullivan & Cromwell pé kì í fún obìnrin níṣẹ́ bó ṣe yẹ. Àwọn olùjẹ́jọ́ ní kí Motley yẹra, torí ó jẹ́ obìnrin tó ti jà fún ẹ̀tọ́. Ó kọ̀ jálẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé kò sí adájọ́ tí kò ní ẹ̀yà, kò sì sí èyí tí kì í ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Bí ìyẹn bá tó láti fi yọ adájọ́, ta ni yóò kù tí yóò gbọ́ ẹjọ́? Ní 1978 ó tún dá akọ̀ròyìn Melissa Ludtke láre, kí àwọn obìnrin akọ̀ròyìn lè wọ yàrá ìpààrọ̀ aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù baseball Yankees bíi ti àwọn ọkùnrin.

Lójú tiwa, ìjà tó ti jà kò ba ìdájọ́ rẹ̀ jẹ́. Ìjà náà ló jẹ́ kó mọ ohun tí ojú àwọn tí òfin ń dè máa ń rí. Ó di olórí àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ rẹ̀ ní 1982, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ adájọ́ títí tó fi kú ní 2005.