Géètì Ló Kó Wọn Pọ̀: Ìtàn Ajá Tó Ń Bá Ara Wọn Gbé

Òkè-Ìlá tí à ń sọ yìí, ti Adó-Èkìtì ni o. Ó yẹ ká tètè sọ bẹ́ẹ̀, torí Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ rò. Tiwa jẹ́ àdúgbò nínú Adó, níbi tí ilé àtijọ́ onípáànù dídípẹtà àti ilé tuntun olódi gíga ti jọ ń wo ara wọn. Ẹ rìn ín lálẹ́, ẹ ó gbọ́ ajá lẹ́yìn géètì. Nígbà mìíràn kì í ṣe gbígbó lásán. Ẹ ó gbọ́ igbe, ẹ ó gbọ́ abọ́ tó ń yí nílẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ẹni tó ń ké pé kí wọ́n gba òun. Ajá méjì inú ilé kan náà, tí wọ́n jọ sùn mọ́jú, ti dojú ìjà kọ ara wọn.

Bí irú ìjà bẹ́ẹ̀ bá parí, àwọn kan á ní wọ́n ti fi nǹkan sí wọn lára. Àwọn kan á ní ipò ọ̀gá ni wọ́n ń dù, kí olówó wọn mú pàṣán, kó fi hàn wọ́n pé òun gan-an lọ̀gá. Èrò kejì yìí ló ń bí wa nínú jù, torí ẹnu àwọn tó kàwé la ti máa ń gbọ́ ọ. Òun náà ní ìtàn, a máa dé ibẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè: ìgbà wo gan-an ni ajá méjì mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nínú ọgbà títì ní Adó?

Kò tíì pẹ́. Ajá àwọn baba wa kì í ṣe ajá ọgbà. Ajá ọdẹ ni, tàbí ajá ulé (bí àwa Èkìtì ṣe ń pe ilé) tó ń sùn lẹ́yìnkùlé, tó ń lọ sí ààtàn nígbà tó bá wù ú, tó sì ń padà wá nígbà tó bá gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Ẹ rántí ọdẹ inú àlọ́ tó ní ajá mẹ́ta: Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé. Ọ̀kan ń bẹ́ ọrùn, ọ̀kan ń gbé mì, ọ̀kan ń gbálẹ̀ kí ojú ibẹ̀ lè mọ́. Àlọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ irú ojú tí wọ́n fi ń wo ajá tó pọ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan. Oníkálukú ló níṣẹ́ tiẹ̀, igbó ńlá sì wà níwájú wọn. Nígbà tí wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ajá tó láàyè láti lọ jìnnà ni wọ́n ń bá wí. Ajá tó wà lẹ́yìn géètì, níbo ló fẹ́ sọnù sí?

A ò sọ pé ayé ajá dùn nígbà náà. Ajá ni oúnjẹ Ògún, Ìrè-Èkìtì tí wọ́n ti ń pe Ògún ní Onírè kò sì jìnnà sí wa. Wọ́n ń jà pẹ̀lú, lórí eegun, lórí abo tó ń wá akọ. Àmọ́ èyí tí wọ́n bá ṣẹ́gun á ká ìrù sábẹ́ ìdí, á gba ẹ̀yìn ilé lọ, ó di ìrọ̀lẹ́. Ìjà wọn kì í sábà dé ojú ikú, torí ọ̀nà àbáyọ wà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára ìpínlẹ̀ Oǹdó, Adó sì di olú ìlú. Òṣìṣẹ́ ìjọba dé láti Àkúrẹ́, owó dé, ilẹ̀ wọ́n, ẹ̀rù olè náà dé. Ilé tí kò lódi tẹ́lẹ̀ wá ní ògiri, orí ògiri wá ní àfọ́kù ìgò. Ajá tó ń ṣọ́ ilé wá di ohun tí wọ́n ń ra lówó gọbọi, kì í ṣe Bingo inú àdúgbò mọ́.

Ẹ wo orúkọ àwọn tí wọ́n ń rà. Ìlú Rottweil ní Jámánì ló fún Rottweiler lórúkọ. Boerboel wá láti South Africa. Jámánì náà ni wọ́n ti bí èyí tí à ń pè ní Alsatian, ibẹ̀ ni Max von Stephanitz ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ irú ajá náà sínú ìwé ní ọdún 1899. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ ní Alsatian lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, torí wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Jámánì sétí. Wọ́n ti dá orúkọ àkọ́kọ́ padà fún un lọ́hùn-ún láti ọdún 1977, àwa la ṣì ń pè é ní Alsatian di òní. Ajá olùṣọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, ajá tí wọ́n tọ́ kó má fàyè gba àlejò. Àwa wá mú méjì, nígbà mìíràn abo méjì, a tì wọ́n mọ́ inú ọgbà ilé kan, a ju oúnjẹ sínú abọ́ kan ṣoṣo, a ní kí wọ́n máa fẹ́ràn ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Ní ọdún 1947, Rudolf Schenkel kọ̀wé lórí ìkookò, ẹ̀yà ẹranko tí ajá ti ṣẹ̀ wá. Àwọn tó wò kì í ṣe ti inú igbó. Inú ọgbà ẹranko ìlú Basel ní Switzerland ni wọ́n wà, wọ́n há wọn mọ́ àyè kékeré, wọn ò sì lè jáde. Wọ́n ń jà, Schenkel sì rò pé ipò ni wọ́n ń dù. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, L. David Mech, gbé èrò yìí sínú ìwé tó gbajúmọ̀ ní ọdún 1970, ibẹ̀ ló ti tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ ajá káàkiri ayé. Láti ọdún 1986, Mech bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wo ìkookò inú igbó fúnra rẹ̀ ní erékùṣù Ellesmere ní Canada. Ó rí i pé bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ wọn ni wọ́n máa ń jẹ́, kò sí pé ẹnì kan ń lu ẹnì kan gbàjọba. Ó kọ ọ́ jáde ní 1999, ó sì bẹ àwọn tó tẹ ìwé rẹ̀ pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Àtúnṣe náà ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń mú pàṣán ní Òkè-Ìlá.

Ohun tí Schenkel rí, ìjà ẹranko tí a há mọ́ ni. Ọgbà ilé wa náà, Basel kékeré ni.

Ní ọdún 2011, àwọn dókítà ẹranko ní Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí ajá méjì-méjì tó ń bá ara wọn jà nínú ilé kan náà. Ọ̀nà 38 ni wọ́n wò. Nínú 30, akọ bá akọ tàbí abo bá abo ni. Nínú 28, èyí tó kéré lọ́jọ́ orí ló ń dá ìjà sílẹ̀. Oúnjẹ wà lára ohun tó ń fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdùnnú àṣejù bí àlejò bá kan géètì, àti bí olówó wọn bá ń fọwọ́ pa ọ̀kan lára. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kò yà wá lẹ́nu. Ajá tó bá rẹ́ni tì í lẹ́yìn á pa ọ̀bọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjà yìí ń ṣẹlẹ̀ lójú olówó wọn gan-an. Bí ẹ bá wá na èyí tó bẹ̀rẹ̀ ìjà, ohun tó máa kọ́ ni pé bí ẹnì kejì òun bá ti yọjú, ìrora dé.

Bí ìjà bá bẹ́, ẹ má ki ọwọ́ bọ àárín wọn. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pàdánù ìka nìyẹn. Ẹ da omi lù wọ́n, ẹ gbá páànù gbàgà, tàbí kí ẹ ti pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bọ àárín. Tí wọ́n bá ti túká, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kì í ṣe fún wákàtí kan. Abọ́ ọ̀tọ̀, ibi ìsùn ọ̀tọ̀. Ẹ wá gbé àwọn méjèèjì lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, torí ajá tí eyín tàbí oríkèé ń dùn lè ṣàdédé bu ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ mú wọn pàdé padà, ẹ fi okùn mú wọn lọ sí ìta, ẹni méjì, ajá méjì, kí wọ́n jọ rìn síhà kan náà, kí wọ́n jìnnà díẹ̀ síra, kí ẹ máa dín àyè náà kù lójoojúmọ́. Inú ọgbà kọ́ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí a ò gbọ́dọ̀ fojú di. Ajá tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì, tó ń dáhó lẹ́nu, tó ń bu igi àti òkúta jẹ, ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dún, ajá ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù. Kódà ilẹ̀ wa wà nínú ìtàn rẹ̀: ní ọdún 1968, lára asín tí wọ́n mú ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kòkòrò àìfojúrí kan tó jẹ́ ìbátan dìgbòlugi, orúkọ àdúgbò yẹn ló sì ń jẹ́ káàkiri ayé. Bí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá bu èèyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe irun ajá tí a jó. Bí àmì àrùn náà bá ti yọ, ẹ̀pa kò bóró mọ́ fún púpọ̀ jù lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá lọ́dọọdún kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ajá mìíràn wà tí kò ní í rẹ́ mọ́ láéláé, pàápàá abo méjì tó ti ta ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń dunni, torí ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni kí wọ́n pe àwọn tó ń se 404 kí wọ́n wá mú èyí tó bẹ̀rẹ̀ ìjà lọ. Ajá yẹn kò níṣòro pẹ̀lú èèyàn, ajá kan pàtó ni kò fẹ́ rí. Ẹ wá ilé tí kò ní ajá fún un, ẹ sì sọ òótọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbà á, pé kó má mú òmíràn wá bá a. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣì pọ̀ ní Òkè-Ìlá.