Ìràwọ̀ Onírù Tàbí Ásítẹ́rọ́ìdì: Ẹ̀rí Tí Ìtànṣán Infurarẹ́ẹ̀dì Ń Jẹ́

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ojú ọ̀run ti ń pín àwọn ohun kéékèèké tó ń yí oòrùn po sí ọ̀nà méjì. Èyí tí ìrù àti ìkùukùu eruku bá wà lára rẹ̀ ni ìràwọ̀ onírù. Èyí tó bá hàn bí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan tí kò fa nǹkan kan lẹ́yìn ni ásítẹ́rọ́ìdì. Wọ́n gbà pé yìnyín pọ̀ nínú ti àkọ́kọ́ nítorí pé ibi òtútù tó jìnnà sí oòrùn ló ti wá, àti pé òkúta gbígbẹ tó ń gbé láàárín Máàsì àti Júpítà ni èkejì. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìrù tí a fojú rí kò tó ẹ̀rí. Ìrù lè wà láìsí yìnyín, yìnyín sì lè wà kí a má rí ìrù fún ọgbọ̀n ọdún. Ooru tó ń jáde lára òkúta àti gáàsì tó yí i ká ló lè sọ irú ohun tó jẹ́ fún wa, ìtànṣán infurarẹ́ẹ̀dì ló sì ń gbé ìròyìn méjèèjì wá.

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí lára òkúta ojú ọ̀run, ti oòrùn ni. Òkúta náà kàn ń dá a padà ni. Òkúta ńlá tó dúdú àti òkúta kékeré tó funfun lè tipa bẹ́ẹ̀ tàn bákan náà. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí òkúta kò dá padà kò ṣòfò. Ó ń mú òkúta gbóná, bí oòrùn ọ̀sán ṣe ń mú aṣọ dúdú gbóná ju aṣọ funfun lọ, ooru náà a sì jáde padà gẹ́gẹ́ bí infurarẹ́ẹ̀dì. Bí a bá wọn ìmọ́lẹ̀ àti ooru pọ̀, a ó mọ bí òkúta ṣe tóbi tó àti bó ṣe dúdú tó. Afẹ́fẹ́ ayé ń gbé púpọ̀ nínú ìtànṣán yìí mì, ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà, Netherlands àti Britain fi jọ gbé sátẹ́láìtì IRAS lọ sókè ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, tí wọ́n sì fi hílíọ̀mù olómi mú un tutù kí ooru ara rẹ̀ má baà bo ti òkúta mọ́lẹ̀.

Nínú àwòrán IRAS ni Simon Green àti John Davies ti rí Phaethon ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Fred Whipple tètè kíyè sí i pé ọ̀nà tí Phaethon ń gbà yí oòrùn po bá ti Geminids mu, ìyẹn àwọn ìràwọ̀ tó máa ń já bọ́ wọ̀ìwọ̀ì ní oṣù Kejìlá ọdọọdún. Eruku ló ń fa irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀, ìràwọ̀ onírù ni a sì mọ̀ tó ń fọ́n ọn ká, Phaethon sì rèé, bí òkúta lásán ló rí. Ó máa ń sún mọ́ oòrùn dé ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún jíjìn ayé sí oòrùn. Ojú rẹ̀ a gbóná ju 700°C lọ. Yìnyín wo ló lè dúró níbẹ̀? Ní 2023, Eric MacLennan àti Mikael Granvik tún ìtànṣán infurarẹ́ẹ̀dì tí ẹ̀rọ awò ojú ọ̀run Spitzer gbà láti ara rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ó jọ ti àwọn òkúta ojú ọ̀run kan tó ṣọ̀wọ́n, irú Yamato tí wọ́n ṣà ní Antarctica, èyí tí iná ti kọjá lára wọn rí. Ọdún yẹn kan náà ni Qicheng Zhang àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé sódíọ̀mù ni ìrù kékeré tí Phaethon máa ń ní nígbà tó bá sún mọ́ oòrùn, pé eruku kọ́. Ooru oòrùn ló ń lé sódíọ̀mù náà jáde. Ọ̀rọ̀ yìnyín kò sí níbẹ̀.

Òdìkejì Phaethon ni Don Quixote, èyí sì ni ọ̀ràn tó lágbára jù lọ́wọ́ mi. Paul Wild ló rí i ní 1983. Ásítẹ́rọ́ìdì ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ sí, ásítẹ́rọ́ìdì ló sì jẹ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, nítorí pé kò sẹ́ni tó rí ìrù lára rẹ̀. Ní 2009 Spitzer ya á ní ìwọ̀n ìtànṣán méjì, 3.6 àti 4.5 máíkrónì. Nígbà tí Michael Mommert àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tú àwọn àwòrán náà yẹ̀ wò, ìkùukùu àti ìrù ló yọ kedere ní 4.5 máíkrónì. Níbẹ̀ gan-an ni gáàsì kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáídì máa ń tàn, gáàsì kan náà tó wà nínú afẹ́fẹ́ wa tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ orí ilẹ̀ rí ìtànṣán yìí. Kò sí ìgbà tí òkúta náà fi ara rẹ̀ pa mọ́. Ibi tí kò sí ni a ti ń wá a.

Ní 1996 ni Eric Elst àti Guido Pizarro rí òkúta kan tó ní ìrù nínú agbo ásítẹ́rọ́ìdì tó wà láàárín Máàsì àti Júpítà. Ìrù náà tún padà yọ ní 2002, nígbà tí òkúta náà tún sún mọ́ oòrùn, èyí tó mú kí Henry Hsieh àti David Jewitt sọ ní 2006 pé yìnyín ń bẹ nínú agbo náà. Ó tún yọ ní 2007. Ẹ̀rí tààrà dé pẹ̀lú ẹ̀rọ James Webb, tó rí oru omi lára 238P/Read, ará agbo yẹn bákan náà. Ìròyìn ìwádìí náà jáde ní 2023. Ohun tí kò rí tún ṣe pàtàkì jù: kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáídì, tó máa ń tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì ìràwọ̀ onírù, kò sí níbẹ̀. Omi ń jáde bíi ti ìràwọ̀ onírù, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ooru ti jẹ kù ni inú rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ọ̀nà ìyípo ti tó láti fi pín wọn, pàápàá iye tí wọ́n ń ṣírò láti inú bí òkúta ṣe ń bá Júpítà lò: èyí tó bá wà lábẹ́ 3 jẹ́ ìràwọ̀ onírù, èyí tó bá ju 3 lọ jẹ́ ásítẹ́rọ́ìdì. Mo gbà pé ìlànà náà mọ̀ nípa Don Quixote kí infurarẹ́ẹ̀dì tó mọ̀. Àmọ́ ó ṣì 238P mọ̀, nítorí ibi tí òkúta ń rìn ni ìlànà náà ń sọ, kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àtakò tó gbóná jù wá láti inú infurarẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, ìràwọ̀ onírù máa ń dúdú, ó máa ń dá ìdá mẹ́rin péré padà nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ásítẹ́rọ́ìdì tí kò ní ìrù rí dúdú tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń pe gbogbo òkúta dúdú ní ìràwọ̀ onírù tó ti kú ń sáré jù. Ìdí nìyí tí mo fi gbé gáàsì àti ìrù tó ń padà wá ga ju dúdú lọ. Ìrù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò ṣe é gbára lé: ásítẹ́rọ́ìdì Dimorphos náà fa ìrù eruku gígùn lẹ́yìn tí ọkọ̀ DART ti Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ kọlù ú ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2022, ìkọlù nìkan ló sì fa á.

Nítorí náà, orúkọ tó yẹ kí a máa kọ sílẹ̀ fún ohun kọ̀ọ̀kan ni èyí tó sọ ohun tí a wọ̀n: gáàsì wo ló ń jáde, ìgbà mélòó ni, ní jíjìn wo sí oòrùn. Japan ń múra ọkọ̀ DESTINY+ sílẹ̀ láti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Phaethon, kí ó sì wọn eruku tó bá bá pàdé lójú ọ̀nà. Bí eruku náà bá jọ òkúta Yamato, àlàyé ooru yóò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí kò bá jọ ọ́, a ó tún wá ibòmíràn tí Geminids ti ṣẹ̀.